Ọ̀dọ́langba nínú Fíìmù Ẹ̀rín: Láti Gbọ̀ngàn Glover dé Sábó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí mú ènìyàn méjì wá síwájú wa, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí òwe náà kò dárúkọ. Òun ni ọ̀dọ́langba. Ọwọ́ rẹ̀ ti tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá nà án, àfàìmọ̀ kí ó má fọ́ àwo. Kò sì wọ kèrègbè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn ju ṣòkòtò rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ àgbà ń wù ú í sọ, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, ṣìbáṣìbo a bá a. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí àgbà tí kò ti ibẹ̀ kọjá.

Eré àwàdà ilẹ̀ Yorùbá ti wà tipẹ́tipẹ́, fíìmù Yorùbá sì ti lé ní ogójì ọdún dáadáa. Síbẹ̀, ọ̀dọ́langba yìí, ẹni tí ẹ̀rín bá yẹ jùlọ, pẹ́ kí ó tó di olórí eré. Nígbà tí ó sì dé nígbẹ̀yìn, èdè mìíràn ló ń sọ lẹ́nu. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn wádìí ohun méjèèjì: ohun tí ó dá a dúró, àti ohun tí ó yí ahọ́n rẹ̀ padà.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, Hugh Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, Aláàfin sì pè wọ́n wá wo eré àwọn ọ̀jẹ̀. Nínú eré náà ni wọ́n ti rí àwọn tí ó ń jó nínú àpò, tí wọ́n sì rí èyí tí ó di erè. Ìdán tí ó kẹ́yìn ni ti Òyìnbó. Ẹni funfun kan tí ó rù hangogo jáde sí agbo, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń ta lẹ́sẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, gbogbo agbo sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo àwọn àlejò méjèèjì lójú láti mọ̀ bí wọ́n ti gbà á sí. Nínú àpẹẹrẹ yìí ni ìlànà àwàdà Yorùbá ti hàn gbangba. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá àwùjọ mu ni a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: kò mọ ìrìn wọn, kò mọ ìṣe wọn, kò sì mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1826, àlejò ni ẹni náà. Ipò yìí wà fún ẹlòmíràn láti bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀.

Sinimá fúnra rẹ̀ dé Èkó ní ọdún 1903. Ní oṣù Ògún ọdún náà, ní Gbọ̀ngàn Glover, àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rí àwòrán tí ń rìn lára ògiri. Ará Sípéènì kan tí ń jẹ́ Balboa ló gbé ẹ̀rọ wá, Herbert Macaulay ló sì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Macaulay yìí kan náà, tí a bí ní ọdún 1864 tí ó sì kú ní 1946, ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà gbọọrọ tí ó la Yàbá kọjá, tí ó sì gba Sábó. Ó dà bí ẹni pé ọ̀nà tí ọkùnrin náà là fún sinimá ní Erékùṣù Èkó ni ó tọ̀ dé orí ilẹ̀.

Orúkọ Sábó wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú Yorùbá. Láti inú èdè Haúsá, Sabon Gari, ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìlú tuntun. Yàbá pàápàá jẹ́ ilẹ̀ tuntun nígbà náà. Àjàkálẹ̀-àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú sílẹ̀ ní 1928. Ìgbìmọ̀ yìí ló pín ilẹ̀ Yàbá sí ojúlé àti òpópó kí àwọn ènìyàn lè kúrò nínú ìhámọ́ Erékùṣù. Lẹ́yìn èyí ni ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀lé ilé-ẹ̀kọ́. Ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìgbóbì sílẹ̀ ní 1932. A ṣí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Yàbá ní 1934. Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Yàbá tẹ̀lé e ní 1947, Yunifásítì Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962, tí Akọ́kà nítòsí Sábó fi di ibùjókòó rẹ̀. Ní 2011, ilé tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní Co-Creation Hub ṣí ìlẹ̀kùn ní ojú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Sábó gan-an.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ fíìmù ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ní ayé àtijọ́, ìgbà ọ̀dọ́langba wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti kún inú rẹ̀. Ọmọ tí ó ti tó ọkọ́ gbé a tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà a wà lábẹ́ ọ̀gá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìlú a sì máa sọ ipò rẹ̀ fún un. Ilé-ìwé ló wá fa ìgbà náà gùn, tí ó sì sọ ọ́ di ìgbà ìdúró. Láti ìgbà tí a ti dá àjọ JAMB sílẹ̀ ní 1978, ogunlọ́gọ̀ àwọn tí ó ti jáde ilé-ìwé girama ni ó ń ṣe ìdánwò lọ́dọọdún tí wọ́n sì ń dúró de yunifásítì. Wọn kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé mọ́, wọn kò tíì di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wọn kò sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀dọ́langba tí ń dúró báyìí ni ẹni tí Sábó àti àgbègbè rẹ̀ kún fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe eré ẹ̀rín nípa ìgbà náà kò ní láti rìn jìnnà.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe eré kò wo ibẹ̀. Ní oṣù Òkudù ọdún 1944, ní Gbọ̀ngàn Glover kan náà, Hubert Ògúnǹdé, ọlọ́pàá ìgbà náà, gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa Ọgbà Édẹ́nì jáde, kò sì pẹ́ tí ó fi fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tí ó di òṣèré alárìnká. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, àyè tuntun ṣí sílẹ̀ fún aláwàdà, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ará Iléṣà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, sì di àgbà nínú wọn. Ẹ wo bí ọkùnrin náà ti ń múra: aago ńlá ní ọrùn, awò ojú tí ó fẹ̀ ju ojú lọ, táì labalábá tí ó bo àyà. Arúgbó ahun ni, ó ń wá oge bí ọmọdé, ó ń wá owó bí olè. Ipò tí Òyìnbó wà ní Ọ̀yọ́ Ilé ni Bàbá Sàlá bọ́ sí. Àgbà ni, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò bá àgbà mu.

Ìdí tí ó fi jẹ́ àgbà ni àwùjọ fi ń ṣe ẹlẹ́yà kò ṣòro láti rí. Bí ọmọdé bá ṣìnà, ẹ̀kọ́ ni ó kù fún un. Ẹ̀rín tí ó bá tọ́ sí i kéré, a sì gbọ́dọ̀ fi ìbáwí kún un. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ṣìnà, òun ni ó yẹ kí ó ti mọ̀, nítorí náà ẹ̀rín rẹ̀ lágbára, ó sì ní ìtumọ̀ fún ìlú. Ìdí kejì jẹ́ ti owó. Ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré ni ó ní ọkọ̀, ohun èlò àti orúkọ. Òun náà ni olórí eré. Ọ̀gá kì í ṣe ọ̀dọ́langba. Ọmọ ẹ̀yìn lè ṣe ìránṣẹ́ òmùgọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá ni àwọn ènìyàn ń sanwó wá wò.

Nígbà tí àwọn òṣèré wọ inú fíìmù, owó náà tún le sí i. Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní 1976, ni fíìmù àkọ́kọ́ tí a ṣe ní èdè Yorùbá. Adéyẹmí Afọláyan, tí a ń pè ní Adé Love, ni ó ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ tí ó bá olóṣèlú jà nítorí ilẹ̀. Ọ̀dọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n akọni ni, kì í ṣe ẹni ẹ̀rín. Bàbá Sàlá ló wá mú àwàdà wọ inú fíìmù pẹ̀lú Ọ̀run Móoru ní 1982, Ọlá Balógun kan náà ló sì darí rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, òkè òkun ni a ti ń fọ fíìmù, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì fi ń san án. Bàbá Sàlá kó owó rẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́nà àìtọ́ sórí fídíò, tí wọ́n sì tà á káàkiri, tí àwọn tí ó yẹ kí ó wá sí gbọ̀ngàn fi jókòó sílé wò ó. Àdánù náà wúwo lórí ọkùnrin náà, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré ni ó sì ń fi ìtàn rẹ̀ kọ́ ọgbọ́n títí ó fi kú ní ọdún 2018.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ni ìtumọ̀ òmìnira nínú ọ̀rọ̀ fíìmù. Ẹni tí kò gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ni à ń pè ní olómìnira. Òmìnira yìí dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé bí eré bá ṣubú ilé òun ni yóò wó lé lórí, kì í fi eré dánwò. Yóò fi ohun tí àwùjọ ti mọ̀ fún wọn: àgbà ahun, àjẹ́, orogún, ọba. Ọ̀dọ́langba tí ń ṣe ṣìbáṣìbo jẹ́ ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tà rí.

Ohun tí ó tú u sílẹ̀ ni olówó pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn tí iye náírà wálẹ̀ gidigidi láti ọdún 1986, fíìmù gidi di ohun tí ọwọ́ kò tó mọ́, àwọn òṣèré Yorùbá sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yí sí fídíò. Kenneth Nnebue, oníṣòwò Igbo tí ó gbé Living in Bondage jáde ní 1992, ti kọ́kọ́ náwó sórí fídíò Yorùbá. Àwọn gbọ̀ngàn sinimá àtijọ́ ń kú lọ, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkẹ́rù sì ń gba ipò wọn. Fíìmù wá ń gbé inú ilé. Nígbà tí owó ṣíṣe eré wálẹ̀, àyè gba ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá láti jẹ́ olórí eré.

Ní ọdún 2008 ni ó wá ṣẹlẹ̀. Fúnkẹ́ Akíndélé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, gbé Jẹ́nífà jáde. Súlíátù, ọmọbìnrin abúlé, wọ yunifásítì, ó sì ń fẹ́ dà bí àwọn ọmọge ìlú ńlá. Ó pààrọ̀ orúkọ, ó pààrọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n kò rí ahọ́n pààrọ̀. Gbogbo ìgbà tí ó bá ya ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì ni àwùjọ ń rẹ́rìn-ín. Òun ni Òyìnbó Ọ̀yọ́ Ilé tí a dorí rẹ̀ kodò: nígbà náà, àlejò ni kò mọ ìrìn wa, nísinsìnyí, ọmọ wa ni kò mọ ìrìn àlejò. Ní 2009, Fúnkẹ́ Akíndélé gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tí ó tayọ jùlọ ní ayẹyẹ ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà nítorí eré yìí. Ẹ̀dá-ìtàn náà kò sì kú. Ó padà wá nínú fíìmù mìíràn ní 2011, nínú eré tẹlifíṣọ̀n láti 2014, àti nínú Everybody Loves Jenifa ní 2024, tí owó tí ó pa ní gbọ̀ngàn sinimá lé ní bílíọ̀nù kan náírà.

Ó yẹ kí a kíyèsí i pé èdè Yorùbá ni a fi ṣe púpọ̀ nínú fíìmù ọdún 2008 náà. Ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín àṣìsọ Súlíátù ń gbọ́ èdè rẹ̀ gidi pẹ̀lú, nínú èdè náà ni ó sì ti jẹ́ odindi ènìyàn: ó lè bú, ó lè bẹ̀bẹ̀, ó lè pa òwe. Inú Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ti di gọ̀ǹgọ̀sú. Nítorí náà, ẹ̀rín náà ní ojú méjì, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ọmọ náà ni ó kéré tàbí àwùjọ tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì díwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀wádún tí ó tẹ̀lé e mú àwọn olómìnira tuntun wá, tí wọ́n fi kámẹ́rà kékeré ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní ọdún 2016, wọ́n fi Green White Green, fíìmù Abba Makama, hàn ní àjọ̀dún fíìmù Toronto, ní ọdún tí àjọ̀dún náà ya abala kan sọ́tọ̀ fún Èkó. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ni, tí wọ́n ń dúró de yunifásítì, tí wọ́n sì pinnu láti ṣe fíìmù tiwọn. Ní 2018 ni Ema Edosio gbé Kasala! jáde. Temi Sodipo ló kọ ọ́, Ema Edosio ló darí rẹ̀, owó ara rẹ̀ ni ó sì fi ṣe é. Kasala túmọ̀ sí wàhálà nínú èdè àdàlù tí a ń pè ní Pijin. Ọmọdékùnrin kan, TJ, mú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láìgba àṣẹ, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta sì gbé e lọ síbi àríyá. Ọkọ̀ bàjẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá owó àtúnṣe kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ tó ti ibi iṣẹ́ dé. Emeka Nwagbaraocha, Tomiwa Tegbe, Chimezie Imo àti Mike Afolarin ni wọ́n ṣe àwọn ọmọ mẹ́rin náà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń wá owó náà ni ẹ̀rín fíìmù yìí. Gbogbo ìmọ̀ràn ni ó ń dà wọ́n rú, gbogbo irọ́ ni ó ń bí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí Bàbá Sàlá yóò rí i pé ìtàn inú fíìmù àti ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ jọra: àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ń sáré kí ilẹ̀ tó ṣú, gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá tí wọ́n ń sá fún náà kì í ṣe ìkà lásán, nítorí pé gbèsè ń lé òun náà. Àgbà kò ga ju ọmọdé lọ nínú fíìmù yìí. Wàhálà kan náà ni ó so wọ́n pọ̀. Okùn ìtàn kò sì já. Lára àwọn àgbà òṣèré tí ó wà nínú rẹ̀ ni Jídé Kòsọ́kọ́, tí ó ti ń ṣeré láti ìgbà èwe rẹ̀ ní 1964, àti Gabriel Afọláyan, ọmọ Adé Love tí ó ṣe Àjàní Ògún. Bàbá ṣe ọ̀dọ́ akọni ní 1976. Ọmọ wà nínú eré àwọn ọ̀dọ́ tí kì í ṣe akọni ní 2018.

Irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní ọdún 2004, Jared Hess ṣe Napoleon Dynamite ní ìlú kékeré Preston ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti lọ sí ilé-ìwé. Owó tí ó ná kò ju nǹkan bí ọ̀kẹ́ ogún dọ́là, èyí ni 400,000, lọ. Owó tí ó pa sì lé ní mílíọ̀nù 40. Ọmọkùnrin inú rẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò mọ aṣọ wọ̀, kò sì sí ohun ńlá kan tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ohun tí ó gbé fíìmù náà dé gbogbo ayé ni pé kò sá fún ohùn ìlú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ní Preston ni ó ti sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ Preston rí mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà.

Bí a bá fi ìlànà yìí wo Kasala!, a kò lè sọ pé ó purọ́. Pijin ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ, Pijin sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sọ ní ìgboro Èkó, níbi tí ọmọ Yorùbá, ọmọ Igbo àti ọmọ Ìbíbíò ti jọ ń gbé ojúlé kan. Oníṣẹ́-ọnà tí ó bá fi Yorùbá ìjìnlẹ̀ sí ẹnu wọn ni yóò purọ́. Ṣùgbọ́n níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Láàárín 2008 àti 2018, ọdún mẹ́wàá péré, ọ̀dọ́langba inú fíìmù ẹ̀rín kúrò ní ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ lẹ́sẹ̀, ó di ẹni tí kò ní ìdí láti sọ Yorùbá. Wọ́n máa ń sọ pé ọba, ìjà ilẹ̀ àti oògùn ni èdè wa wà fún nínú fíìmù, àti pé èdè àwọn ọ̀dọ́ kò sí nínú rẹ̀. Jẹ́nífà ti fi hàn pé irọ́ ni. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ìwé eré tí ó gbà pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè ṣe ṣìbáṣìbo ní Yorùbá, kí ó bọ́rọ̀ sọnù ní Yorùbá, kí ó sì fi Yorùbá gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbà kan wà tí Òyìnbó tí kò mọ ìrìn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó kan arúgbó tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Nísinsìnyí ó ti kan ọmọ tí kò tíì mọ ara rẹ̀. Èdè tí a bá fi rẹ́rìn-ín ọmọ ni èdè tí ọmọ náà yóò fi dàgbà, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá bá ṣàwàdà ni wọ́n kà kún ará ilé. Àwọn tí ń dúró ní Sábó ń dúró síbẹ̀. Owó kámẹ́rà ti wálẹ̀. Àṣà ẹ̀rín sì ti tó nǹkan bí igba ọdún nínú àkọsílẹ̀ nìkan. Bí èdè Yorùbá kò bá sí nínú ìtàn ọ̀dọ́langba tí ń bọ̀, kì í ṣe owó ni yóò jẹ́ àwáwí rẹ̀ mọ́.